Ìjì Kẹwàá Bá Wa ní Kyushu: Bí Àjò Omi Gbígbóná Wa ní Japan Ṣe Yí Padà

Ní àárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjì líle kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shanshan gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá Satsumasendai, ní ìpínlẹ̀ Kagoshima, ní ìsàlẹ̀ erékùṣù Kyushu. Àwọn ará Japan kì í sábà pe ìjì lórúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é, èyí sì ni ìkẹwàá ọdún náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí àwa obìnrin márùn-ún wà ní Ibusuki, létí òkun ìpínlẹ̀ Kagoshima kan náà, kí wọ́n máa fi yanrìn gbígbóná bò wá títí dé ọrùn. A ò sí níbẹ̀. Beppu la wà, ní apá kejì erékùṣù náà, nínú òtẹ́ẹ̀lì tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí a kúrò nílé.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní London àti Amẹ́ríkà ló ti ń fi Japan ṣe ibi ìgbafẹ́ báyìí, àsìkò tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi ni wọ́n sì sábà máa ń lọ. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án yẹn náà ni ìjì máa ń jà jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ń múra àjò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n títí di ìgbà tí ọkọ̀ yóò padà sójú ọ̀nà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dàgbà jù nínú wa. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, agbẹ̀bí ni ní London kó tó fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá Ìbejì, ọmọ Èkìtì, ló di àpò owó mú. A ti dá owó jọ sọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ká tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ wa kan wá láti Houston. Àbúrò Ìyá Ìbejì, tí gbogbo wa ń pè ní Sísí, ló ń gbé ní Fukuoka. Ó kàwé ní yunifásítì Ritsumeikan Asia Pacific, tí wọ́n ṣí ní Beppu lọ́dún 2000, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti tó bí ìdajì, èdè Japan sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo ṣìkarùn-ún wọn.

Ìyá Ìbejì ló mú ọ̀rọ̀ omi gbígbóná wá. Ìkògòsì kò jìnnà sí ilé wọn, níbi tí omi lílọ́ọ́wọ́ọ́ àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ rí orílẹ̀-èdè tó sọ irú omi bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà ìgbé-ayé. Kò sí ibi tó bá ọ̀rọ̀ yẹn mu bíi Kyushu. Òkè oníná pọ̀ níbẹ̀: Aso wà láàrin, Sakurajima ń rú èéfín ní iwájú ìlú Kagoshima, òkè Tsurumi sì wà lẹ́yìn Beppu. Ìlú Beppu nìkan ní ojú ìsun omi gbígbóná tó lé ní 2,000, kò sì sí ìlú kan ní Japan tó tó o.

Ètò wa rọrùn lójú máàpù. A óò wọ Shinkansen, rélùwéè ayára-bí-àṣá wọn, láti Fukuoka lọ sí Kagoshima, ká ti ibẹ̀ dé Ibusuki. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kurokawa, abúlé kan láàrin àwọn òkè ìpínlẹ̀ Kumamoto, níbi tí àlejò ti ń ra pákó pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ kó wẹ̀ ní ilé-ìtura mẹ́ta tó bá wù ú. Yufuin ló tẹ̀ lé e, Beppu ló kẹ́yìn.

Kí a tó gbéra rárá ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ilẹ̀ mì ní etíkun Miyazaki, ní Kyushu náà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 7.1. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Japan kéde pé ó ṣeé ṣe kí ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá wáyé ní ìhà Nankai, lábẹ́ òkun gúúsù Japan, ju bó ṣe máa ń rí lọ. Ọdún 2019 ni wọ́n ti dá ìlànà ìkéde náà sílẹ̀, wọn ò lò ó rí. Kishida Fumio, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, fagi lé ìrìn àjò tó fẹ́ rìn lọ sí àárín gbùngbùn Éṣíà. Ìkéde náà wá sí òpin ní ọjọ́ 15, láìsí pé ilẹ̀ mì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tó yẹ kó bá wa lọ sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀ mọ́, a sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa tó kù ka ohun tí ìkéde náà wí. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn àjò. Ohun tó sọ ni pé kí olúkúlùkù mọ ibi tí yóò sá sí, kó sì ní omi àti oúnjẹ nílé. A lọ.

Ìjì kẹwàá kò kọ́kọ́ dojú kọ Kyushu. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀, àárín orílẹ̀-èdè náà, níhà Nagoya àti Osaka, ni wọ́n ní yóò gbà wọlé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè tó yẹ kó gbé e lọ kò lágbára. Lójoojúmọ́ ni ilà tí wọ́n ń fà lórí máàpù ń yẹ̀ sí apá ìwọ̀-oòrùn, tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un sì ń sún síwájú. Nígbà tí a fi balẹ̀ sí Fukuoka, tí a gba Seoul wá, ilà náà ti dé orí Kagoshima. Sísí wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú máàpù náà lójú fóònù rẹ̀. Kò tíì kí wa tán tó fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ohun kan wà tí àlejò kì í mọ̀ nípa Japan, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sì dá lé. Ilé iṣẹ́ rélùwéè wọn kì í dúró kí ìjì tó dé kó tó dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n á kọ́kọ́ kéde pé ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ má rìn lọ́jọ́ báyìí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n á sọ wákàtí tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa gbéra. Òjò lè má tíì kán sílẹ̀ rárá ní wákàtí yẹn, kí oòrùn máa ràn, síbẹ̀ ibùdókọ̀ yóò ti ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì máa ń tẹ̀ lé wọn, ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi náà á tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣì mọ́ ni ọjọ́ ìpinnu. Ẹni tó bá ní òun máa wo bí òjò ṣe máa rọ̀ kí òun tó mọ ibi tí òun ń lọ, ibi tó bá wà ni yóò wà.

Ní Fukuoka ní ọjọ́ 27, oòrùn ń ràn. A jókòó sínú yàrá Àǹtí Nọ́ọ̀sì láti sọ ọ́ jáde. Ará Houston ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó sọ kò sì burú: owó yàrá Ibusuki ti jáde lápò wa, ìjì kò tíì dé, ṣé a ò lè sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ká sì kúrò kó tó wọlé ni?

Sísí ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa rí ọkọ̀ lọ. Ẹ ò ní rí ọkọ̀ bọ̀.”

Ìyá Ìbejì fẹ́ ká dúró sí Fukuoka, ìlú ńlá tí kò sí ohun tí a máa wá tì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òun náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ká mi lára ni pé tí a bá dúró síbẹ̀ títí tí ìjì fi kọjá, ilé ìtajà àti ojú pópó nìkan la máa rí nínú gbogbo àjò tí a ti ń dáwó fún látọjọ́ yìí. Èmi ni mo dárúkọ Beppu: ká fi ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ṣáájú, ká lọ síbẹ̀ lónìí kí ọkọ̀ tó dúró, ká sì jókòó síbẹ̀ títí ìjì yóò fi lọ. Tí a bá máa há sínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan, ó sàn ká há sínú ilé tí omi gbígbóná ti ń ṣàn nísàlẹ̀.

A wá kọjú sí Àǹtí Nọ́ọ̀sì, nítorí kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní, “Oògùn mi wà lọ́wọ́ mi, ó sì máa tó mi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká sá lọ síbi ààbò lóru, n kò lè máa gun òkè kiri nínú òjò pẹ̀lú orúnkún yìí. Ibi tí mo lè jókòó sí, tí ẹnikẹ́ni ò ní lé mi kúrò, ni kẹ́ ẹ wá fún mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí àríyànjiyàn. Kì í ṣe ìlú nìkan là ń wá mọ́. Ilé là ń wá, irú èyí tí kò sí lábẹ́ òkè, tí kò sí létí odò, tí a fi kọnkéré kọ́, tó ní lífítì. Sísí ṣí máàpù ewu Beppu tí ìjọba ìlú náà ń gbé jáde, tó fi àwọ̀ hàn ibi tí ilẹ̀ ti lè ya àti ibi tí omi ti lè kún. Àwọn ilé-ìtura onígi tó lẹ́wà jù, òkè ni wọ́n wà. A fò wọ́n. Òtẹ́ẹ̀lì tí a mú kò dára wò lójú àwòrán, ilé gíga lásán ni lágbègbè ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi ìwẹ̀ omi gbígbóná nínú ilé, kò sì sí àwọ̀ ewu kankan lórí ibi tó wà. Kó tó di ọ̀sán la ti sanwó.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ibi tí a ti sanwó sí tẹ́lẹ̀. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á fara balẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ rélùwéè bá fọwọ́ ara rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dá padà, láìyọ kọ́bọ̀. Ilé-ìtura yàtọ̀: oníkálukú ló ní ìlànà tirẹ̀. Orí wẹ́ẹ̀bù la ti gba yàrá wa, ìdáhùn tí wẹ́ẹ̀bù náà sì ń fún wa ni pé àkókò tí a lè fagi lé e láìsanwó ti kọjá. Sísí ní ká gbàgbé wẹ́ẹ̀bù, ó pe ilé-ìtura fúnra wọn. Obìnrin tó gbé fóònù ní Ibusuki kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní nítorí ìjì ni, àwọn ò ní gba nǹkan kan, àwọn á sọ fún wẹ́ẹ̀bù náà kó dá owó padà. Ó wá béèrè ibi tí àwọn àlejò òun máa sùn lọ́jọ́ ìjì. Nígbà tí Sísí túmọ̀ ìbéèrè yẹn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbàdúrà fún obìnrin náà.

Ibi gbogbo kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ìtura kan tí n kò ní dárúkọ sọ pé ọ̀nà mọ́tò ṣì ṣí, nítorí náà a gbọ́dọ̀ san ìdajì. Bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbé wa débẹ̀ ti kéde pé òun ò ní rìn. A ò ní mọ́tò. Sísí ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, owó náà sì lọ. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí kò tọ́ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀nà dí mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la wọ rélùwéè Sonic láti Hakata, ibùdókọ̀ ńlá Fukuoka. Bíi wákàtí méjì ló ń gbà dé Beppu, ẹ̀bá òkun ló sì ń gbà lọ. A ti fẹ́ fi àwọn àpótí ńlá ránṣẹ́ ṣáájú nípasẹ̀ àwọn tó ń gbé ẹrù láti òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì, ìṣe tó wọ́pọ̀ ní Japan, ṣùgbọ́n nígbà ìjì ẹrù máa ń há sọ́nà, nítorí náà a gbé gbogbo rẹ̀ dání. Ní Beppu a ra omi, búrẹ́dì, ìrẹsì sísè tí wọ́n fi ewé òkun wé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bátìrì. Nígbà tó fi máa di alẹ́, búrẹ́dì ti tán lórí pẹpẹ ilé ìtajà náà.

Ní ọjọ́ 28, àjọ ojú ọjọ́ gbé ìkìlọ̀ àkànṣe jáde fún Kagoshima, ìkìlọ̀ tí wọn kì í lò àfi tí ewu bá kọjá ti àtẹ̀yìnwá. Rélùwéè dúró, bọ́ọ̀sì dúró, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fagi lé ọkọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìjì náà gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun Kyushu bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò yára ju ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ìlọ́ra yẹn ló burú jù nínú rẹ̀, nítorí ibi tó bá ti rọ̀jò, kì í tètè kúrò níbẹ̀. Ní Miyazaki, afẹ́fẹ́ ká òrùlé, ó sì ṣe èèyàn léṣe. Ní Gamagori, ní ìpínlẹ̀ Aichi tó jìnnà réré sí wa, ilẹ̀ ti ya bo ilé kan mọ́lẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ 27, ó sì pa èèyàn mẹ́ta nínú ìdílé kan ṣoṣo, kí ìjì náà tó dé Kyushu rárá. Òjò rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní Yufuin, lẹ́yìn òkè tó wà lẹ́yìn Beppu, odò kún àkúnya, ìlú Yufu sì pe ìpele 5.

Ìpele ìkìlọ̀ márùn-ún ni wọ́n ní. Tí wọ́n bá pe ìpele 3, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbi tó léwu. Tó bá di 4, gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Ìpele 5 túmọ̀ sí pé ewu ti dé, kí olúkúlùkù wá bí yóò ṣe yè níbi tó bá wà. Fóònù wa ń ké léraléra ní òru, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ariwo tí kò jọ ti ìpè. Sísí á ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, á wo orúkọ àdúgbò tí wọ́n dá, á sì sọ fún wa pé kì í ṣe tiwa. Lẹ́yìn tó ti sọ bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mélòó kan, Àǹtí Nọ́ọ̀sì sùn.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà níbi ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì náà tí n kò lè gbàgbé. Ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ìwé funfun kan lẹ̀ mọ́ inú lífítì, á sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Wákàtí tí òun kọ ọ́ ló máa ń wà lókè. Lẹ́yìn náà: ibi ìwẹ̀ ìta ti wà ní títì, ti inú ilé ṣí, oúnjẹ àárọ̀ yóò wà, ṣùgbọ́n ẹja tútù kò dé, lífítì lè dúró, ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn jọ̀ọ́ kó sọ fún wa. Nígbà tó rí i bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ṣe ń rìn, ó gbé wa kúrò ní àjà òkè wá sí àjà kejì láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àpótí rẹ̀.

Báyìí, ọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Ní onsen, bí wọ́n ṣe ń pe ibi ìwẹ̀ omi gbígbóná, ìhòhò ni èèyàn fi ń wọ omi. Obìnrin ní tiwọn, ọkùnrin ní tiwọn. Wàá kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí kékeré níwájú ẹ̀rọ omi, wàá fi ọṣẹ wẹ ara rẹ mọ́ tónítóní, wàá ṣan gbogbo fóòmù kúrò, kó o tó wọ inú omi. Táwẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ kan omi, irun náà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Irun dídì ló wà lórí gbogbo wa. A wé e gọ́ńgọ́ sókè orí. Ìyẹn rọrùn. Ohun tó le fún àwa kékeré ni bí a ṣe máa bọ́ sí ìhòhò lójú àgbà. A ń wo ilẹ̀, a ń ká aṣọ tí a ti ká tẹ́lẹ̀. Sísí ti fẹ́ lọ béèrè bóyá wọ́n ní yàrá ìwẹ̀ àdáni tí ìdílé kan lè háyà, èyí tó wọ́pọ̀ láwọn ìlú omi gbígbóná, nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì dá wa dúró.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi gbẹ̀bí, kí lẹ ní tí mi ò rí rí? Ẹ bọ́ aṣọ yín jàre.”

Òun náà ló fún wa ní òfin. Ká da omi sí ara láti ẹsẹ̀ wá sókè kí ara tó bá gbígbóná mọ. Ká má pẹ́ nínú omi, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun fúnra rẹ̀ á wọ̀ ọ́ díẹ̀, á jáde jókòó, á mu omi tútù, kó tó padà. Kí ẹnikẹ́ni má mu ọtí ṣáájú. Kó má sì sí ẹni tó máa dìde fìrí láti inú omi, torí ojú lè ṣú u. Omi náà gbóná dé ibi tí ara ti ń gbà á tipátipá, ó ń rùn díẹ̀díẹ̀ bí imí ọjọ́. Lóde, òjò ń na gíláàsì fèrèsé. Ìyá Ìbejì dorí kọ etí omi, kò sì sọ̀rọ̀ títí. Lẹ́yìn ìgbà náà ló sọ pé ká ní Ìkògòsì ní ibi ìwẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń tọ́jú ní irú ìtọ́jú yìí, àwọn ìyá òun ì bá máa ti Ìbàdàn wá gbé orúnkún wọn sínú rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn.

Nígbà tí ìjì náà gba orí wa kọjá lọ sínú òkun, tó dojú kọ Shikoku, Beppu fọ ojú pópó rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù gbá ewé àti ẹ̀ka igi kúrò, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn. A gun bọ́ọ̀sì lọ sí Kannawa, níbi tí ooru ti ń rú jáde láti ojú gọ́tà àti láàrin òkúta. Ibẹ̀ ni ilé ìwẹ̀ ooru kan wà tí wọ́n ní ajíhìnrere ẹ̀sìn Búdà kan, Ippen, dá sílẹ̀ lọ́dún 1276. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú débi pé èèyàn ní láti rá wọlé. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ewéko olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní sekishō ló wà nílẹ̀ káàkiri, lórí ewéko náà lo máa dùbúlẹ̀, òógùn á sì bò ọ́ kó o tó ka ení, èjì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn pé ká jáde. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò wọlé. Ó ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní orúnkún òun ń dúpẹ́.

Ní àdúgbò náà, wọ́n ń fi ooru tó ń ti inú ilẹ̀ jáde se oúnjẹ. Wọ́n á fún ọ ní ìkòkò, ìwọ á gbé ohun tó o rà sórí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé e. A se ẹyin, àgbàdo àti ànàmọ́. Ìyá Ìbejì yọ ata gígún jáde nínú báàgì rẹ̀. Obìnrin ará Japan kan tó jókòó tì wá béèrè ohun tó jẹ́, a bù fún un, ó tọ́ ọ wò pẹ̀lú ẹyin, ojú rẹ̀ ṣomi, ó sì ní ká fún òun sí i.

Yufuin ló kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ rí jù. Rélùwéè tó gba ibẹ̀ kọjá kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Sísí ní ká má fi ọkàn sí i. Àfonífojì ni ọ̀nà irin náà ń gbà, odò kò sì jìnnà sí i: lọ́dún 2017, àkúnya omi gbé afárá rẹ̀ kan lọ ní Hita, ó tó ọdún kan kí wọ́n tó tún un ṣe, lọ́dún 2020 omi tún gbé òmíràn, ó di oṣù Kẹta 2021 kí ọkọ̀ tó rìn dópin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ará Yufuin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ẹrẹ̀ jáde nílé ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì béèrè pé kí la fẹ́ lọ máa wò níbẹ̀. A fi Yufuin sílẹ̀.

Ìlà-oòrùn kò ṣeé gbà pẹ̀lú irin, nítorí ìjì náà ti ń bá Shinkansen jà títí dé ọ̀nà Tokyo. Láàrin Mishima àti Nagoya kò sí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Beppu ní èbúté. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ń ti ibẹ̀ sọdá sí Yawatahama, ní erékùṣù Shikoku, bíi wákàtí mẹ́ta ni. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án wọlé, tí òkun rọ̀, tí àwọn ará Shikoku náà ti padà sójú irin, a wọ̀ ọ́. Yàrá oníkápẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń bọ́ bàtà ló wà nínú rẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Láti Yawatahama, rélùwéè gbé wa dé Matsuyama, ká tó wọ tíráàmù lọ sí Dogo.

Dogo kò sí nínú ètò wa rárá, òun ló sì wá wú gbogbo wa lórí jù. Ilé ìwẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ilé onígi alájà mẹ́ta tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1894. Isaniwa Yukiya, olórí ìlú náà nígbà yẹn, ló tẹpẹlẹ mọ́ ọn, àwọn ará ìlú sì kọ́kọ́ ta kò ó nítorí owó tó máa ná wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ti ń tún un ṣe, oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n sì tó ṣí gbogbo rẹ̀ padà. Pákó tuntun ṣì ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ nígbà tí a dé. Lókè ilé náà, nínú ilé-ìṣọ́ kékeré kan, ìlù wà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń lù ú láti fi ṣílẹ̀kùn. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló jí wa. Àwọn àgbàlagbà àdúgbò ti tò síwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ wọn, wọ́n sì fi wá síwájú nígbà tí wọ́n rí orúnkún rẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ibi ìwẹ̀ náà, ó jìn ju ti Beppu lọ, omi rẹ̀ kò rùn rárá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń ká aṣọ lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Ní pápákọ̀ òfurufú Matsuyama, níbi tí a ti fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Tokyo, Ìyá Ìbejì ṣí ìwé owó. Owó Ibusuki ti padà wọlé pátá, owó Shinkansen náà pé. Ó yọ owó ọkọ̀ ojú omi, owó òtẹ́ẹ̀lì Beppu tó ju ohun tí a ti fi ojú sùn lọ, owó Dogo, àti ìdajì tí ilé-ìtura yẹn gbà. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má pín in, kí wọ́n fi sílẹ̀ sọ́wọ́ Sísí fún Kurokawa, oṣù Kọkànlá ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí àsìkò ìjì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ará Houston ní ẹnu iṣẹ́ òun kò ní jẹ́ kí òun wá lóṣù yẹn, Ìyá Ìbejì sì ka tirẹ̀ fún un. Sísí pe ilé-ìtura kan ní Kurokawa níbẹ̀ yẹn, ó béèrè yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn, wọ́n ní ó wà nísàlẹ̀, ó sì gbà á kí wọ́n tó pè wá wọkọ̀.